Àwọn Ológbò Àdúgbò Wa: Ṣé Ọ̀tá Ni Wọ́n Ni, Tàbí Ẹ̀dá Ọlọ́run?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín lónìí lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu. Wọ́n lè wí pé, "Kí ló kan ìwé ìròyìn ìjọ kan ọ̀rọ̀ ológbò?" Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ kà á dé òpin. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa ni ó mú kí a kọ ọ́. Ó kan ìfẹ́, ó kan ìbẹ̀rù, ó sì kan orúkọ rere ọmọnìkejì wa.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ÌṢỌ́ ÒRU

Òru ọjọ́ Ẹtì kan ni. A wà ní ìṣọ́ òru, àdúrà sì ń gbóná. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago méjì òru, a gbọ́ igbe kan lẹ́yìn ilé ìsìn, igbe tí ó dà bí ti ọmọ ọwọ́ tí a gbé sọ sínú igbó. Gbogbo wa gbé ohùn sókè sí i. Àwọn kan ń kígbe pé, "Iná! Iná Ẹ̀mí Mímọ́!" Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta mú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣa òkúta, wọ́n sáré jáde. Wọ́n rí ojú méjì tí ń tàn yanran nínú òkùnkùn. Wọ́n sọ ọ́ lókò, ẹranko náà sì fo ògiri kọjá. Wọ́n padà wọlé, wọ́n jẹ́rìí pé àwọn ti lé àjẹ́ lọ. A pàtẹ́wọ́, a yin Olúwa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ìyá tí ń gbálẹ̀ gbọ́ ohùn tín-ín-rín nínú yàrá tí a ń kó àwọn àga àtijọ́ sí. Ọmọ ológbò mẹ́rin ni wọ́n bá níbẹ̀, ojú wọn kò tíì là. Ìyá wọn ni a lé lọ lóru.

Ẹni tí ó wá kó wọn ni Màmá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ìsìn wa. Opó ni Màmá yìí, ẹja tútù ni ó ń tà. Ó ti pẹ́ tí ó ti máa ń fún àwọn ológbò àdúgbò ní orí ẹja tí ó bá ṣẹ́kù. Nígbà tí àwọn ará rí i tí ó gbé àwọn ọmọ ológbò náà sínú páálí, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Tirẹ̀ mà ni wọ́n!" Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, gìrì mú ọmọ ọdún mẹ́ta kan ní ilé kejì sí ti Màmá. Kò sí ẹni tí ó pe Màmá sí ẹjọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tán. Wọn kò ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ìsinmi, òun nìkan ni ó jókòó lórí àga gígùn kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ níwájú Ọlọ́run: àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tí wọ́n sún kúrò.

Ní ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni ó wà lára ọmọ náà. Ibà náà ni ó pọ̀ jù tí ó fi di gìrì. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ sì yá. Nígbà tí ìyá ọmọ náà ti ilé ìwòsàn dé, ilé Màmá ni ó kọ́kọ́ lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo ro ibi sí yín."

Màmá fà á dìde. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Àìsàn ọmọ ló dà ọ́ láàmú. Ara rẹ̀ ti wá yá dáadáa báyìí?"

Nígbà tí àwa náà lọ bẹ̀ ẹ́, a bi í léèrè ìdí tí ó fi ń bọ́ àwọn ológbò. Ó dáhùn pé, "Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ni èkúté kò ti jẹ́ kí n sùn. Wọ́n ń jẹ ẹja mi, wọ́n ń jẹ aṣọ mi. Àwọn wọ̀nyí ló bá mi lé wọn lọ. Bí ẹnìkan bá ṣe yín lóore, ṣé ẹ ò ní fún un lóúnjẹ ni?" A kò rí èsì fọ̀.

KÍ NI ÌWÉ MÍMỌ́ FI KỌ́ WA?

Ẹ jẹ́ kí a wádìí Ìwé Mímọ́ láti Jẹ́nẹ́sísì títí dé Ìfihàn. A kò ní rí ibì kan tí ó ti sọ pé ológbò jẹ́ ẹran àjẹ́. Ohun tí a óò rí ni pé Ọlọ́run dá gbogbo ẹranko, ó sì wò wọ́n, ó rí i pé wọ́n dára (Jẹ́nẹ́sísì 1). Lẹ́yìn ìkún omi, kì í ṣe Nóà àti àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ni Ọlọ́run bá dá májẹ̀mú, ó bá gbogbo ẹ̀dá alààyè tí ó ti inú ọkọ̀ jáde dá a pẹ̀lú (Jẹ́nẹ́sísì 9). Òfin Mósè pàṣẹ pé ẹni tí ó bá rí ẹyẹ lórí ìtẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kó ìyá pẹ̀lú ọmọ (Deuterónómì 22). Ìwé Òwe 12:10 fi yé wa pé olódodo a máa náání ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkà ni ènìyàn búburú kódà níbi tí ó bá rò pé òun ń ṣàánú. Nígbà tí Jónà ń bínú nítorí pé Nínéfè kò parun, Ọlọ́run ka àwọn ẹran ọ̀sìn ìlú náà mọ́ àwọn tí òun ń káàánú. Olúwa wa Jésù fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé ológoṣẹ́ kan kì í ṣubú lẹ́yìn Baba wa. Bí Baba wa bá mọ̀ nípa ológoṣẹ́, kò lè ṣàìmọ̀ nípa ológbò tí a sọ lókò lẹ́yìn ilé ìsìn rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi wá pé, "Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé kò sí agbára òkùnkùn ni?" Rárá o. A gbà pé ó wà, a sì mọ̀ pé Jésù ti ṣẹ́gun rẹ̀. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kọ́ wa ní Éfésù 6:12 pé ìjà wa kì í ṣe pẹ̀lú ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀. Bí kì í bá ṣe pẹ̀lú ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀, kí ni òkò ń ṣe lọ́wọ́ wa? Kí ni ó sì dé tí a fi sún kúrò lọ́dọ̀ opó? Ìwé Tímótì Kejì 1:7 sọ fún wa pé ẹ̀mí ìbẹ̀rù kò ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá.

Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ yìí kan òfin ìlú. Abala 210 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn. Ẹni tí ó bá jẹ̀bi rẹ̀ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí ó yẹ kí ó pa wá lẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà wa máa ń ṣàdúrà pé ẹ̀yìn ológbò kì í balẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn wa kò ní balẹ̀. A ń ṣe àmín sí i kíkankíkan. Bí a bá jáde síta tán, a ó wá ṣa òkò fún ẹran tí a fi ṣàdúrà!

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI Ń KÉ LÓRU, TÍ OJÚ WỌN FI Ń TÀN?

Nítorí pé a kò mọ ìdí rẹ̀ ni ẹ̀rù fi ń bà wá. Bí abo ológbò bá ń wá akọ, ó máa ń ké kíkan fún ọjọ́ púpọ̀. Bí akọ méjì bá pàdé, tàbí bí akọ bá sún mọ́ abo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọn a máa han bí ọmọ ọwọ́. Àṣálẹ́ àti ìdájí ni ológbò máa ń jáde ọdẹ jù, nítorí ìgbà náà ni eku ń rìn. Nítorí náà, ìgbà tí àwa bá wà ní ìṣọ́ òru gan-an ni iṣẹ́ òòjọ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ojú rẹ̀ tí ń tàn ńkọ́? Ọlọ́run fi awọ kan sí ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí, kí ó lè ríran nínú òkùnkùn. Irú awọ yìí wà lójú ewúrẹ́ àti màlúù pẹ̀lú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ewúrẹ́ yín lálẹ́, ẹ óò rí i. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó sọ pé òun kò ní jẹ ẹran ewúrẹ́ mọ́.

Ní ti ológbò dúdú, àwọ̀ lásán ni. Ìyá kan náà lè bí dúdú, kí ó bí pupa, kí ó sì bí adíkálà ní ọjọ́ kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i láàrin agbo ẹran Lábánì nígbà ayé Jákọ́bù.

OORE TÍ WỌ́N Ń ṢE FÚN WA

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ológìnní bá kúrò nílé, ilé a di ilé èkúté. Òwe yìí ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ. Ní ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ mọ àrùn kan ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno, òun ni a ń pè ní ibà Lassa títí di òní. Eku kan tí ó máa ń wọ inú ilé ni ó ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku náà ni ó ń ba oúnjẹ àti ohun èlò wa jẹ́, ibẹ̀ ni àrùn náà sì ti ń ran ènìyàn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tí ó ń jìyà rẹ̀ jù, àwọn ará wa ní Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀ mọ ohun tí ojú wọn ti rí.

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ka àwọn ohun tí ènìyàn lè ṣe láti dènà ibà Lassa, wọ́n ní kí a kó oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀, kí a da ààtàn jìnnà sí ilé, kí a mú ilé wa mọ́, kí a sì sin ológbò. Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀! Ẹran tí à ń lé ni àwọn onímọ̀ ìlera ní kí a sìn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ológbò nìkan. Ẹ dé ìkòkò yín, ẹ má sá gààrí sí etí títì, ẹ má sì jẹ oúnjẹ tí eku ti fẹnu kàn.

BÍ A ṢE LÈ TỌ́JÚ WỌN

Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó lè sin ológbò. Ṣùgbọ́n bí àdúgbò bá fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, kò nira. Àwọn ohun tí a ti kọ́ lẹ́nu Màmá àti lẹ́nu dókítà ẹran nìyí.

Èkíní, oúnjẹ. Orí ẹja àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a bọ̀ láìfi iyọ̀ àti ata sí dára fún un. Ẹ má fún un ní ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀, nítorí àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Wàrà màlúù tí gbogbo ènìyàn rò pé ó fẹ́ràn a máa ṣu púpọ̀ nínú wọn nínú. Omi tí ó mọ́ ni kí ẹ gbé kalẹ̀. Ẹ máa fún un lóúnjẹ ní ibì kan náà ní àkókò kan náà, bí ó bá sì jẹun tán, ẹ palẹ̀ èyí tí ó ṣẹ́kù mọ́, kí ó má baà di oúnjẹ eku.

Èkejì, àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọmọ ológbò, ẹ má sáré kó wọn. Ó lè jẹ́ pé ìyá wọn wá oúnjẹ lọ. Ẹ jìnnà díẹ̀, kí ẹ máa ṣọ́ wọn fún wákàtí díẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ 8 kí a tó lè gbà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Ní ti àwọn mẹ́rin tiwa, ìyá wọn wá wọn dé ilé Màmá ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó wọ inú páálí, ó sì fún wọn lọ́mú.

Ẹ̀kẹta, bíbí àbíjù. Abo ológbò lè lóyún kí ó tó pé oṣù 6. Nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 ni ó ń gbé oyún, ó sì lè bí ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn óò pọ̀ ju oúnjẹ lọ, ebi àti àrùn ni yóò sì pa wọ́n. Dókítà ẹran lè tẹ akọ lọ́dàá, ó sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo kí ó má bímọ mọ́. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta pẹ̀lú, àwọn ti ìjọba ìpínlẹ̀ sì wà. Bí ilé mẹ́wàá bá dáwó jọ, owó náà kò ní wúwo lórí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹrin, májèlé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá. Nígbà tí àwọn ọmọ ológbò náà ti ń jẹun fúnra wọn, a bá ìyá wọn tí ó kú sí ojú àgbàrá. Ẹnìkan ní àdúgbò ti fi òògùn apakòkòrò sínú oúnjẹ fún eku, eku jẹ ẹ́, ológbò sì jẹ eku. Báyìí ni ẹni tí ó fẹ́ pa eku ṣe pa ẹni tí ó ń bá a pa eku. Májèlé yìí kò mọ ọmọ ènìyàn yàtọ̀ sí ẹran. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré òògùn olóró bí irú Sniper ní ọjà gbangba, nítorí ẹ̀mí tí ó ń bá a lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọ lè tó o.

EWU TÍ A GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA FÚN

Ìfẹ́ kò ní kí a má lo ọgbọ́n. Bí ajá tilẹ̀ ni ó ń kó àrùn dìgbòlugi ran ènìyàn jù, ológbò náà lè ní in. Bí ológbò tí a mọ̀ sí onísùúrù bá ṣàdédé di oníjà, tí ó ń da itọ́, tí ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ wọlé, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí dókítà ẹran. Bí ẹran bá géni jẹ tàbí bí ó bá ya ènìyàn léèékánná, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Ẹ má ṣe dúró de kí àìsàn hàn, nítorí bí dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni kí ẹni náà fi yè é. A dúpẹ́ pé láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún ọmọkùnrin kan ní ilẹ̀ Faransé ni ènìyàn ti ní ọ̀nà láti dènà rẹ̀. Ológbò pẹ̀lú ń gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin aláboyún, ẹ má ṣe fọwọ́ kó ìgbẹ́ ológbò. Kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ó lè pa ọmọ inú lára. Kí ẹlòmíràn máa kó o lójoojúmọ́, nítorí kòkòrò náà kì í tètè ní agbára ní ọjọ́ kìíní. Ẹ fọ ewébẹ̀ yín dáadáa, ẹ jẹ́ kí ẹran jinná, kí gbogbo ilé sì máa fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má ṣe fa ìrù ológbò, ẹ má sì gbá a mú nígbà tí ó bá ń jẹun. Ẹ má sọ ọ́ lókò. Ọmọ tí ó ń fi ẹran ṣe ìkà lónìí lè fi ènìyàn ṣe é lọ́la.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE RÍ BÁYÌÍ

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta yẹn lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Ọ̀kan nínú wọn mú ọmọ ológbò kan lọ sílé, ó ní ìyá òun ń tà gààrí, eku sì ń dà á láàmú. Ẹnìkan tún mú òmíràn. Méjì tó kù wà ní ilé ìdáná ìjọ, a sì ti mú wọn lọ gba abẹ́rẹ́. A kò tíì rí àpò gààrí tí eku lu láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó tọ́ kí a fi parí ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ológbò. Ìyá àgbà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìjọ rẹ̀, nítorí pé ó ṣàánú. Bí ọmọ yẹn bá ti kú ńkọ́? Kí ni à bá ti ṣe sí i? A ń bẹ̀rù láti dáhùn ìbéèrè náà. Màmá ti dárí jì wá, ẹja rẹ̀ sì ti ń tà. Ṣùgbọ́n a ṣàkíyèsí pé lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ó tó jókòó, ó ṣì máa ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ẹnìkan yóò sún. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a máa tètè lọ jókòó tì í.

Arákùnrin, arábìnrin, ta ni ẹni náà ní àdúgbò tìrẹ? Ta ni gbogbo ènìyàn ti dá lẹ́jọ́ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀? Lọ kí i lọ́sẹ̀ yìí. Bí o bá sì rí ológbò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, fún un ní omi.

Kí Olúwa mú ẹ̀mí ìbẹ̀rù kúrò láàrin wa, kí ó fi ìfẹ́ àti ọgbọ́n rẹ̀ kún ilé wa gbogbo, ní orúkọ Jésù. Àmín.